Àǹtí Ni Ọmọ Mi Ń Pè Mí

Ọ̀rọ̀ òyìnbó kan wà tí mo kórìíra. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn olùkọ́ ẹgbẹ́ mi, wọ́n á rò pé èébú kan ni mo fẹ́ sọ, wọ́n á sì sún mọ́ mi kí wọ́n lè gbọ́ dáadáa. Kì í ṣe èébú o. Àǹtí ni. Àwọn tó ni ọ̀rọ̀ náà fi ń pe ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá àti ìyá ẹni tó jẹ́ obìnrin, wọn kò sì nà án jìnnà púpọ̀ kọjá ibẹ̀. Àwa gbà á lọ́wọ́ wọn, a sọ ọ́ di agbòjò tí gbogbo obìnrin lè sá sí abẹ́ rẹ̀.

Ní Minna níbí, ẹ sáà ti jáde nílé. Ọmọkùnrin tó ń ta ọsàn lẹ́nu ọ̀nà ọjà Kure á na ọsàn sí mi, á ní, "Anti, zo ki saya mana," àfi bí ẹni pé bí n kò bá wá rà á, mo ti ba ẹbí jẹ́. Àgùnbánirọ̀ tó ń wá yàrá á ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́." Nọ́ọ̀sì, Àǹtí. Olùkọ́, Àǹtí. Ẹ̀gbọ́n ẹni, ìyàwó ẹ̀gbọ́n ẹni, obìnrin tó ń gé irun, Àǹtí. Obìnrin tó ti dàgbà díẹ̀ tí kò tíì lọ́kọ, tí wọn kò mọ ohun tí wọ́n máa pè é, Àǹtí ni wọ́n fi bò ó láṣìírí. Nínú àwọn ilé Hausa tó yí wa ká ní Limawa, bí bàbá bá gbé ìyàwó kékeré wọlé, Anti ni àwọn ọmọ ìyáálé máa pè é, torí Mama ti lẹ́ni. Bí bàbá bá sì pàdé obìnrin tó ń bá rìn níkọ̀kọ̀ lójú títì, tí àwọn ọmọ wà nínú mọ́tò, tí òógùn sì bò ó, "Ẹ kí Àǹtí yín" ló máa sọ.

Ó ní ọjọ́ orí tirẹ̀ náà. Ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ọlọ́sàn yẹn á wò ọ́ lókè délẹ̀, á fo Àǹtí, á ní, "Mama, ga lemu," Màmá, ọsàn rèé. Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń kọ́ni, ọjọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún un báyìí, ó da tòmátì tó ti ṣà padà sínú apẹ̀rẹ̀ olówò, ó sì lọ sílé láìra nǹkan kan. Èmi rẹ́rìn-ín títí. Ohun tí òun ń sá fún ni èmi ń wá kiri.

Ọ̀rọ̀ tó gba gbogbo ayé báyìí, kò yẹ kó bí ẹnikẹ́ni nínú. Ṣùgbọ́n ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, tó mu ọmú mi, Àǹtí lòun náà ń pè mí. Ẹlòmíràn ló ń pè ní Mọ́mì. Ibẹ̀ ni ó ti ń dùn mí.

Mọ́mì yìí ni ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin. Ìlọrin ni bàbá wọn ti wá, Limawa ni wọ́n bí gbogbo wọn sí. Ìyá wọn kú nígbà tí àwọn kékeré kò tíì mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì, òun tó jẹ́ àkọ́bí ló wẹ̀ wọ́n, tó fún wọn lóúnjẹ, tó sì nà wọ́n nígbà tó yẹ. Wọn kò mọ ìyá mìíràn, wọ́n ń pè é ní Mọ́mì. Ó lọ sílé ọkọ, kò bímọ, ọkọ kú, ó padà sí agbo ilé bàbá rẹ̀, orúkọ náà sì bá a padà. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé mi wọlé, gbogbo àdúgbò ni wọ́n ti ń pè é ní Mọ́mì, títí kan bàbá Hausa tó ń ta èédú, tó sì dàgbà jù ú lọ. Èmi náà ń pè é bẹ́ẹ̀. Kí ni mo fẹ́ máa pe ẹ̀gbọ́n ọkọ mi? Ìyàwó lòun ń pè mí. Àwọn àbúrò ọkọ mi, torí pé mo jẹ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n wọn, Àǹtí ni wọ́n ń pè mí.

Ẹni tó bá mọ ilé Yorùbá ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ. Bí ilé bá ṣe ń pe ènìyàn ni ọmọ ṣe ń pè é. Ọmọ kì í béèrè ẹni tó bí i kó tó la ẹnu. Mo mọ ọkùnrin kan tó ní irùngbọ̀n funfun tó ṣì ń pe bàbá tó bí i lọ́mọ ní Bọ̀ọ̀dá, torí pé Bọ̀ọ̀dá ni àwọn àbúrò bàbá náà ń pè é. Kò sí ẹni tó rí i bí àléébù. Èmi gan-an, kí n tó bímọ, mo máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo bí ọmọ mi lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí oòrùn mú gan-an. Nígbà tí mò ń rọbí, ìyá mi ni mò ń ké pè, "Yé, ìyá mi o! Ìyá mi, ẹ gbà mí!" bẹ́ẹ̀ Ìlọrin ni ìyá mi wà. Nọ́ọ̀sì ní bí mo bá tún pè é lẹ́ẹ̀kan sí i, òun máa wọ mọ́tò lọ mú un wá. Mọ́mì wà níta, lórí bẹ́ǹṣì, òun ló gbé mi dé ibẹ̀. Ìyá mi dé lọ́jọ́ kejì, ó wẹ ọmọ títí ọmọ fi lọ́rùn, ó fa apá, ó fa ẹsẹ̀, ó fi òrí ra gbogbo ara rẹ̀, ó sì padà sílé. Lẹ́yìn náà ni ìsinmi ìbímọ mi parí, mo padà sí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí mo ti ń kọ́ni, Mọ́mì sì gbé ọmọ pọ̀n lọ sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Kure, níbi tó ti ń ta síìpù, bọ́tìnì àti láínì fún àwọn télọ̀. Kò sí ẹni tó já ọmọ gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Bí ayé ṣe ń lọ ni.

Ọjọ́ tí ọmọ mi kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ilé ìwé, ẹfun ṣì wà nínú irun mi. Ó jókòó lórí itan Mọ́mì lẹ́nu ọ̀nà. Ó la ẹnu, ó ní, "Mọ́mì." Mo ju báàgì sílẹ̀, mo na ọwọ́. Ọmọ yí ojú padà, ó rọra fi sí àyà Mọ́mì, ó tún un sọ. Lẹ́yìn náà ló wá yọjú wò mí, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àtí." Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́. Wọ́n ní ọmọ náà gbọ́n, ó mọ olúkúlùkù. Mo wọ yàrá lọ, mo ní mo fẹ́ pààrọ̀ aṣọ, mo sì jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì láìbọ́ aṣọ.

Mo jowú. N kò ní wá ọ̀rọ̀ tó rọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún un. Mo jowú ìka ọwọ́ Mọ́mì tó máa ń wà lẹ́nu ọmọ mi. Mo jowú ẹ̀yìn rẹ̀ tí ọmọ mi máa ń sùn sí, àti ìró ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ tí ọmọ mi mọ̀ ju ohùn mi lọ. Àwọn àgbà ní òjòwú kì í lẹ́ran láyà. Ẹ wá wò mí, mo sanra. Ibi tí owú tèmi ti ń jẹ mí kì í ṣe ibi tí ojú ń tó.

Bí Mọ́mì bá jẹ́ ìkà ni, mi ò bá mọ ohun tí mo máa ṣe. Kì í ṣe ìkà. Bó bá ti ọjà dé, kosai gbígbóná, àkàrà àwọn Hausa, ló máa kọ́kọ́ gbé sí mi lọ́wọ́, á ní, "Ìyàwó, jẹun, iṣẹ́ olùkọ́ kì í ṣe kékeré." Báwo ni ènìyàn ṣe máa bá irú obìnrin yìí jà? Mo máa ń jẹ kosai náà tìbínú-tìbínú.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ọkọ mi. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kí wá ni kí n ṣe? Ṣé kí n lọ sọ fún Mọ́mì pé kó má jẹ́ Mọ́mì mọ́?" Nígbà tó rí i pé mi ò bá òun rẹ́rìn-ín, ó gbé òwe wọlé: "Ojú méjì ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó." Mo sọ fún un pé mo mọ òwe náà, èmi ló yẹ kí n máa fi kọ́ni, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí igba ojú yẹn máa wò ó kí wọ́n sì fi ojú méjì sílẹ̀ níbi tó wà. Ó ní mo ti ń ṣe òyìnbó jù.

Mo bá pinnu láti kọ́ ọmọ náà fúnra mi. Ṣebí iṣẹ́ mi ni. Mo ra bísíkíìtì, mo jókòó sílẹ̀ níwájú rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan tí Mọ́mì ti lọ sí ọjà.

"Ta ni mí?"

"Àǹtí."

"Rárá. Mọ́mì. Ó yá, sọ ọ́."

Ó wo ìlẹ̀kùn. "Mọ́mì wà lọ́jà."

"Èmi ni Mọ́mì."

Ó wò mí pẹ̀lú àánú, bí ẹni ń wo ẹni tí orí rẹ̀ kò pé mọ́, ó sì na ọwọ́ sí bísíkíìtì. Mo bù ú sí méjì, mo jẹ èyí tó tóbi.

Nígbà tó tó láti lọ sí ilé ìwé, mo mú un lọ sí ilé ìwé tèmi, mo sì ní kí wọ́n fi í sí kíláàsì mi. Mo rò pé bí a bá ń jọ lọ tí a ń jọ bọ̀, nǹkan á yí. Ṣé ẹ rí ohun tí mo ṣe? Mo mú un wọ inú ilé tí gbogbo ọmọ ti ń pe gbogbo olùkọ́ obìnrin ní Àǹtí. Láti àárọ̀ títí ọ̀sán, Àǹtí, mo fẹ́ tọ̀. Àǹtí, ó lù mí. Àǹtí, bíírò mi ti sọnù. Bẹ́ẹ̀ ni ohùn tirẹ̀ máa ń wà láàárín wọn, n kò tilẹ̀ lè yọ ọ́ sọ́tọ̀.

Ọjọ́ kan wọ́n sáré wá pè mí pé ọmọ mi ń jà. Mo bá a lẹ́yìn kíláàsì, ó ti gun ọmọkùnrin kan lórí, ó ń fi èékánná ya á lójú, ó sì ń pariwo ní Hausa, èdè tó mọ̀ ju Yorùbá tí à ń sọ fún un nílé lọ: "Ba Antinku ba ce! Antina ce!" Kì í ṣe Àǹtí tiyín, Àǹtí tèmi ni. Ọmọkùnrin náà ló sọ pé, "Antinmu," Àǹtí wa, ń bọ̀, kí gbogbo wọn sáré wọlé. Mo fa ọmọ mi dìde ní etí, mo ní kó kúnlẹ̀ kó sì na ọwọ́ sókè. Ohun tí mo gbé lọ́kàn lọ sílé lọ́jọ́ náà kò ju èyí lọ: kódà nínú ìjà, kò lè pè mí ní Mọ́mì.

Lẹ́yìn èyí ni ibà mú un, ibà tó le. A gbé e lọ sí ọsibítù, èmi àti Mọ́mì. Nígbà tí nọ́ọ̀sì gbé abẹ́rẹ́ jáde, ọmọ fò mọ́ Mọ́mì lọ́rùn, ó dì í mú. Nọ́ọ̀sì béèrè, "Ina uwarta?" níbo ni ìyá rẹ̀ wà, ṣùgbọ́n kò dúró gbọ́ èsì, ojú tirẹ̀ ti rí i. Mọ́mì ló bá sọ̀rọ̀. Mọ́mì ló ṣàlàyé oògùn fún, èyí tó máa lò kó tó jẹun àti èyí tó máa lò lẹ́yìn oúnjẹ. Èmi dúró ti ògiri, báàgì Mọ́mì lọ́wọ́ mi, àfi bí ọmọ ọ̀dọ̀. Mo fẹ́ sọ pé èmi ni. Ọ̀rọ̀ náà dé ẹnu mi, ojú sì tì mí láti sọ ọ́, torí kí ni mo fẹ́ fi jẹ́rìí?

Nínú kèké tó gbé wa padà, Mọ́mì ní, "Ìyàwó, gba ọmọ rẹ, apá ń ro mí." Mo ní, "Ẹ jẹ́ kó máa sùn." Mi ò fẹ́ kí wọ́n fún mi ní ọmọ mi bí ẹni fún alágbe. Mo wo ìta títí a fi dé Limawa.

Ọmọ dàgbà, ó kàwé ní yunifásítì tó wà ní Gidan Kwano, ó sì fẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà yunifásítì náà, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Minna bíi tirẹ̀, tó jẹ́ pé bí inú bá bí i, Hausa ló fi ń sọ ọ́. Wọ́n gba ilé sí ọ̀nà Bida, nítòsí ọgbà náà. Àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ kéékèèké méjì ń gbé lọ́dọ̀ wọn, wọ́n ń lọ sí ilé ìwé. Mo ti gba kámú nígbà náà, tàbí mo rò pé mo ti gba kámú. Ó wá lóyún.

Ẹni tó bímọ láàárín wa mọ̀ pé ìyá ìyàwó ló ń lọ wẹ ọmọ. Ó máa gbé ẹrù rẹ̀ lọ sí ilé ọmọ rẹ̀, á wẹ ọmọ tuntun láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, á sì fi omi gbígbóná tẹ ìyá ọmọ nínú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ pé ta ló mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ẹni tí wọ́n bá pè fún un ni ìyá, ó parí. Gbogbo owú tí mo ti tò jọ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá, orí ọ̀rọ̀ yìí ló wá jókòó sí: ta ni ọmọ mi máa pè?

N kò bi í. Òun náà kò sọ. Mo lọ sí Kure, mo ra báàfù aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, kànìnkànìn rírọ̀, ọṣẹ dúdú àti òrí tó dára. Obìnrin tó ń ta báàfù di owó mi mú, ó ní, "Mọ́mì náà ra ọ̀kan lánàá, aláwọ̀ búlúù. Ṣé ìbejì ni?" Mo ní bóyá ni. Mo délé, mo bá Mọ́mì ní àgbàlá tó ń yí báàfù búlúù rẹ̀ padà sínú oòrùn. Ó ní, "Ìyàwó, wò ó, ó jinlẹ̀." Mo ní ó jinlẹ̀ lóòótọ́. Mo gbé tèmi kọjá ẹ̀yìn ilé kó má baà rí i, lẹ́yìn náà ni mo ronú pé kí ló dé tí mò ń fi nǹkan pamọ́ bí olè nínú ilé ọkọ mi, mo bá gbé e jáde, mo sá a sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. A jọ ń wò wọ́n.

Mo ní kí ọkọ mi bá mi bi ọmọ náà. Ó ní òun ò sí níbẹ̀. Mo pe ọmọ náà lórí fóònù, mo gba ẹ̀yìn wọlé. Mo ní, "Ṣé ẹ ti ronú nípa ẹni tó máa wẹ ọmọ? Àwọn kan máa ń gba ìyá Hausa tó mọ wíwẹ̀ dáadáa." Ó rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, ẹ ti ń ronú jù. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ dé." Mo fẹ́ dáhùn, mo bá gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn rẹ̀ tó ń béèrè ibi tí iyọ̀ wà. Mọ́mì ni. Ó ti lọ kí i, ó sì ti wọ kíṣìnnì. Mo fi fóònù sílẹ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ tí ìrọbí mú un, mo wà nínú kíláàsì. Ọkọ rẹ̀ ló pè. Mo sáré, mo gba kèké, mo ń sọ fún oní-kèké pé kó sáré, òun náà ń sọ pé, "Anti, sannu, sannu," kí n rọra. Nígbà tí mo dé ọsibítù, Mọ́mì ti wà lórí bẹ́ǹṣì níwájú yàrá ìgbẹ̀bí, báàgì rẹ̀ lórí itan. Ọkọ ọmọ mi ti kọ́kọ́ pè é kó tó pè mí. Mo kí i, ó dáhùn, mo jókòó. Báàgì mi wà lórí itan tèmi náà. Ẹni tó bá ń kọjá á rò pé a jọ ń dúró de mọ́tò.

Mi ò ní purọ́. Dípò kí n máa gbàdúrà, báàgì rẹ̀ ni mò ń wò. Mo ń wo bí kànìnkànìn ṣe yọ orí jáde nínú rẹ̀. Mo sọ lọ́kàn mi pé bí wọ́n bá ṣílẹ̀kùn yìí tí wọ́n sì pe Mọ́mì wọlé, mo máa dìde, mo máa gba ilé lọ, ẹnikẹ́ni kò sì ní rí ojú mi ní ọ̀nà Bida mọ́. Nígbà náà ni mo rántí pé ọmọ mi ló wà nínú yàrá yẹn, ẹ̀rù bà mí, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàdúà.

Lẹ́yìn náà ni ohùn ọmọ mi jáde láti inú yàrá náà. Kò dà bí ohùn tí mo mọ̀.

"Yé! Àǹtí o! Àǹtí mi o! Àǹtí, ẹ gbà mí!"

Mi ò mira. Mo rò pé nọ́ọ̀sì ló ń pè. Ó tún ké e. Ó ké e bí mo ṣe ké ìyá mi lọ́jọ́ tí mo bí i, pẹ̀lú ohùn kan náà tó ń já láàárín, kò sì dárúkọ ẹlòmíràn mọ́ ọn.

Ilẹ̀kùn ṣí. Nọ́ọ̀sì yọ orí jáde, ọ̀dọ́bìnrin Yorùbá kan, ó ti rẹ̀ ẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ta ni Àǹtí tó ń pè? Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni? Ó ti fẹ́ fi ariwo pa wá. Ìyá rẹ̀ ńkọ́?"

Ó ń wo Mọ́mì bó ṣe ń béèrè. Gbogbo wọn ló máa ń wo Mọ́mì.

Mọ́mì nawọ́ sí mi. "Ìyá rẹ̀ nìyí. Àǹtí ló ń pè é."

Mo yíjú sí i. Ilẹ̀kùn ló ń wò, kì í ṣe èmi, mo sì mọ ìwò náà. Èmi ni mo máa ń wo nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú ilé wa.

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́, bí ẹni ń bá télọ̀ ná síìpù. "Lọ́jọ́ tí ìwọ ń rọbí, orí bẹ́ǹṣì ni mo wà. Mò ń gbọ́ bí o ṣe ń ké ìyá rẹ, ìyá rẹ ò sì sí níbẹ̀. Mo ń ronú pé ta ló máa ké mi bẹ́ẹ̀ láyé. Gbogbo Minna ló ń pè mí ní Mọ́mì. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ké e rí nígbà tí ẹ̀mí fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀." Ó gba báàgì mi lórí itan mi, ó gbé e lé orí tirẹ̀. "Mo ti jowú rẹ o. Dìde, ìyá ọmọ. Èmi kọ́ ló pè."

Láti ọjọ́ tí mo ti wọ ilé wọn, Ìyàwó ló ń pè mí, kò pè mí ní ìyá ọmọ rí. Mo ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ ká jọ wọlé." Ó mi orí pé òun ò lọ. Mo wọlé. Ọmọ mi di ọwọ́ mi mú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣẹ́ ẹ, ó ń pè mí bó ṣe máa ń pè mí, mo sì ń jẹ́ ẹ. Mo ń jẹ́ ẹ ní gbogbo ìgbà tó bá pè.

Ọmọ tuntun náà, obìnrin ni. Èmi ni mo wẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ní ilé wọn lọ́nà Bida. Mọ́mì ló ń bu omi sí i. Báàfù búlúù ni a lò, torí ó jinlẹ̀ ju tèmi lọ lóòótọ́. Ó dùn mí díẹ̀, mi ò sọ. Ọmọ mi jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń wò wá, ó ní, "Àǹtí, ẹ rọra fa apá rẹ̀," mo sì sọ fún un pé apá tirẹ̀ náà ni wọ́n fà tó fi rí ọwọ́ na sí mi.

Nígbà náà ni àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ méjèèjì ti ilé ìwé kéú dé, wọ́n sáré wá sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n kúnlẹ̀ fún ọmọ mi. "Àǹtí, ẹ kú ewu! Àǹtí, ẹ jẹ́ ká rí i! Àǹtí, ṣé ó ti sùn?"

Ọmọ tuntun yí orí síbi tí ohùn wọn ti wá. Mo la ẹnu kíákíá láti sọ fún wọn pé láti òní lọ, kí wọ́n wá nǹkan mìíràn máa pè é, kí ìyá ọmọ yìí má baà jẹ irú ìyà tí mo jẹ. Mọ́mì gbójú sókè láti ibi omi, ó wò mí. Mo pa ẹnu mi dé, mo ní kí wọ́n bá mi mú òrí wá.